Ìyá Tó Ń Wá Ọmọ Ní Odigbo

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun kò jowú rí, ẹ bi í bóyá wọ́n ti gba orin lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọ́n gba tèmi. Odigbo ni wọ́n ti gbà á, lọ́dún tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa tán, ẹni tí wọ́n sì gbé e fún, kò sí ibi tí wọn ò ti mọ ojú rẹ̀, torí pé inú sinimá ni wọ́n ti ń rí i.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Èkìtì ni wọ́n ti gbé mi wá. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, owó epo rọ̀bì ń ṣàn, ilé-ìwé ń hù níbi gbogbo, ìjọba sì ń fi tíṣà ránṣẹ́ káàkiri bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́. Mo ti lo ọdún méjì ní Odigbo, kò sì sẹ́ni tó ṣe mí níbi. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń gbé epo pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi, àmọ́ “tíṣà àlejò” ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń fi Ìkálẹ̀, èdè ìlú wọn, sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rín ń pa wọ́n, kíá ni wọ́n á yí i sí Yorùbá ilé-ìwé nítorí mi, ẹ̀rín náà á sì tán. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi o. Ọ̀wọ̀ ọ̀hún ti sú mi pátápátá.

Ìyá onílé mi ni olórí àwọn obìnrin akọrin ìlú. Màmá ni mo ń pè é. Pupuru ló ń ṣe: wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, wọ́n á fún un gbẹ, wọ́n á ṣù ú ribiti bí orí ọmọdé, wọ́n á wá tò ó sórí àjà kí èéfín máa yan án títí ara rẹ̀ á fi dúdú. Lẹ́yìn fèrèsé mi gan-an ni ilé èéfín yẹn wà. Gbogbo aṣọ mi ló ń rùn èéfín, títí kan èyí tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo bínú sí i. Nígbà tó yá, bí mo bá lọ kí àwọn òbí mi nílé, tí aṣọ mi ò rùn mọ́, ṣe ni mo máa ń rò pé mo ti gbàgbé nǹkan kan.

Eré orin kan wá wà ní Odigbo tí katikíìsì àtijọ́ kan ṣe, kí wọ́n tó la títì ńlá tó ti Èkó lọ sí Bìní. Katikíìsì náà ti kú kí n tó dé. Ìtàn eré náà ò gùn rárá: ọmọ obìnrin kan sọnù sínú igbó, ìyá rẹ̀ sì ń wá a láti oko dé oko. Tó bá dé oko kan, yóò dúró, yóò dá orin:

“Ẹ̀yin ará oko, ǹjẹ́ ẹ rí ọmọ mi?”

Wọ́n á sì gbè é:

“A ò rí i, ìyá, a ó bá ọ wá a.”

Nígbà náà ló tó lè lọ sí oko kejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà katikíìsì: bí wọn ò bá dá ìyá náà lóhùn, kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀. Kì í sì í ṣe àwọn tó wà lórí ìtàgé nìkan ló ń dá a lóhùn. Àwọn obìnrin akọrin ló máa ń kọ́kọ́ gbè é, gbogbo èrò tó wá wòran á wá bá wọn gbè é, àti àgbà àti ọmọdé, títí òrùlé á fi máa mì. Bí àwọn obìnrin yẹn bá panu mọ́, kò sí èrò ìwòran tó jẹ́ lanu. Àwọn ló ni orin náà.

Nígbà tí gbọ̀ngàn tuntun parí, ọ̀gá ilé-ìwé wa sọ pé eré yẹn la ó tún jí dìde láti fi ṣí i. Wọ́n dán ohùn gbogbo wa wò, èmi ni wọ́n sì mú láti ṣe Ìyá. Háà! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìkòkò lórí iná, ẹ̀wà mi jóná. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí n dúró níbẹ̀, kí n béèrè ọ̀rọ̀, kí gbogbo Odigbo lanu kí wọ́n dá mi lóhùn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ́ orin náà. Mò ń kọ ọ́ ní balùwẹ̀, mò ń kọ ọ́ bí mo bá ń ṣàmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ. Màmá á máa ti ilé èéfín gbè é fún mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìtilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí ọ̀gá wa lọ sí Ore lọ ra okùn tí a ó fi ta aṣọ ìkélé. Ẹ̀yin náà mọ Ore. Títì yẹn ti sọ ọ́ di ibi tí kò sí ọkọ̀ tí kì í dúró níbẹ̀ jẹun. Ibi tí ọ̀gá wa ti ń wá iyán àti ẹran ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ti rí obìnrin kan tó fi awò dúdú bojú tó ń fọ ọwọ́ sínú abọ́. Ó wò ó títí. Òṣèré sinimá náà ni! Bìní ló ń lọ fún iṣẹ́, àmọ́ wọ́n ti ránṣẹ́ sí i lójú ọ̀nà pé kó dúró ná, pé ó máa tó oṣù kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa ò tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lú kóòtù tó wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn tó ń jẹun, ó ní kó bá òun ṣe Ìyá. Obìnrin náà bi í irú ìyá wo ni. Ó sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Òṣèré náà ní òun gbà, kò sì béèrè ohunkóhun ju ibi tí òun máa sùn lọ.

Mo rí ọ̀gá wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn tó ń bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ó gbàgbé okùn sí Ore.

“Tíṣà, wàá gbọ́ ìròyìn ayọ̀,” ló wí.

Mo gbọ́ ọ. Mo bi í pé, “Ọ̀gá, èmi ńkọ́?”

“Ìwọ? Ìwọ ni kó o di ìwé mú lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀, kó o máa rán an létí. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó mọ eré náà dáadáa la fẹ́.”

Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo rìn délé, mo wọ ilé èéfín lọ, mo jókòó sórí àpótí, mo sì sunkún dáadáa. Màmá bi mí pé kí ló dé. Mo ní èéfín ni. Ó ní, “Ọdún méjì lo ti wà nínú èéfín yìí, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú?” Ni mo bá sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó kàn ń yí pupuru rẹ̀ padà, ó sì ń pòṣé.

Obìnrin náà dé lọ́jọ́ kẹta nínú ọkọ̀ pupa kan. Mo ti múra sílẹ̀ láti kórìíra rẹ̀, àmọ́ kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ díẹ̀, ó kí gbogbo àgbà lórí ìkúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀ jù sínú ọkọ̀, ó sì rin ìrìn ẹsẹ̀ lásán títí ó fi lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó mọ orin kọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dá orin Ìyá yẹn, irun ọwọ́ mi dìde. Ó dùn mí pé ó dùn.

Àmọ́ nígbà tó dá orin náà tán, tó dúró kí wọ́n gbè é, kẹ́kẹ́ pa. Àwọn obìnrin akọrin bí ogún, tí wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì, ń wo òrùlé.

Ọ̀gá wa ní, “Kí ló dé?”

Ọ̀kan ní ọ̀fun ń dun òun. Èkejì ní òtútù mú òun lóko. Màmá ní òun ò gbọ́ ìgbà tó dá a. Òṣèré náà tún un dá. Wọn ò tún gbọ́. Ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló ń gbè é, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí, kí Ìyá lè ráyè ti oko kan lọ sí òmíràn.

Nígbà tí a délé, mo bi Màmá léèrè. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

“Ṣé ìwọ ò wo sinimá yẹn nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Ore ni? Gbogbo wa la wọ ọkọ̀ lọ wò ó. Òun kọ́ ló fi májèlé sínú ẹ̀kọ fún ọmọ orogún rẹ̀? Ojú mi báyìí ló ṣe! Ọmọ náà ń jẹ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí i!”

“Màmá, eré ni o.”

“Mo mọ̀ pé eré ni, ṣé èmi ni wàá kọ́ ní eré? Èyí tí a ń ṣe yìí náà, ṣé kì í ṣe eré ni? Ẹni tó pa ọmọ lọ́hùn-ún, ọmọ wo ló tún ń wá níbí? Kí á wá máa bá a wá a? A ò ṣe.”

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo di ìbàdí mú. Ó yẹ kí n bá a jiyàn, èmi tí mo kàwé. Ó yẹ kí n sọ pé ẹni tó jẹ́ òṣìkà nínú sinimá lè jẹ́ ènìyàn rere nílé. Mi ò sọ ọ́. Mo lọ sùn, mo sì sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá sú u, á bá tirẹ̀ lọ, wọ́n á sì dá orin mi padà fún mi.

Kò sú u. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé agolo bisikíìtì ńlá kan wá fún àwọn akọrin, irú èyí tí wọ́n ń ti òkè òkun kó wọlé nígbà náà, tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Àwọn obìnrin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidi gan-an. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sí ẹyọ kan tó kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ewúrẹ́ kan ń bọ̀ níbẹ̀, Màmá sì fi igi lé e, ó ní ewúrẹ́ náà ní ẹni tó ni ín, kó má lọ jẹ májèlé. Obìnrin náà rí i. Mo rí i pé ó rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó bá mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn níbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ eré náà sínú ìwé.

“Àbúrò mi, jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún àwọn ìyá yẹn? Kí ló dé tí wọn kì í gbe orin mi?”

Tí mo bá sọ òótọ́ fún un, ó lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó lè bá wọn bó ẹ̀gẹ́, kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, àǹtí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Wọ́n máa ń fi ohùn wọn pamọ́ di ọjọ́ eré gan-an. Ẹ má fiyè sí wọn.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ṣeun.” Ó sì lọ. Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí, ẹnu mi sì korò títí ilẹ̀ fi ṣú, àmọ́ mi ò pè é padà.

Ọjọ́ eré pé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la fi sí, kí àwọn tó wá láti Araromi-Obu lè tètè padà sílé. Láti ọ̀sán ni gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn kan gun ojú fèrèsé, àwọn tí kò ráyè wọlé fìdí kalẹ̀ sórí àpò kòkó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níta. Bí mo ṣe ń to àga iwájú, obìnrin náà wá bá mi, ó fa ìyá àgbàlagbà kan lọ́wọ́, tó ró ìró àdìrẹ tó ti ṣá, tó gbé agbọ̀n kékeré kan dání.

“Ìyá mi nìyí. Jọ̀ọ́, bá mi fi wọ́n síbi tí wọ́n á ti rí mi. Wọn ò wo iṣẹ́ mi kankan rí.”

Mo mú ìyá àgbà náà jókòó. Mo bi í bóyá ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ó ní ẹ̀gbẹ́ Oǹdó lòún ti wá, pé bọ́ọ̀sì mẹ́ta lòún wọ̀. Ó wá di apá mi mú, ó fà mí sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

“Ọmọ mi, ẹ̀kọ ni mò ń tà. Mo ti ń tà á kí n tó bí eléyìí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ẹ̀kọ sí i lọ́wọ́ nínú sinimá yẹn. Láti ọjọ́ tí sinimá ọ̀hún ti dé ìlú wa, wọn ò ra ẹ̀kọ mi mọ́. Wọ́n á kí mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá lọ. Ó wá ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n fi òun ṣe ìyá níbí, pé ọmọ lòún ń wá. Mo wá wò ó ni o. Kí n lè délé sọ fún wọn pé mo fojú mi rí i, ìlú gbogbo bá a wá ọmọ rẹ̀.”

Ẹ gbà mí! Yàtọ̀ sí àwọn akọrin, èmi nìkan ni mo mọ̀, nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, pé ìlú gbogbo kò ní bá ẹnikẹ́ni wá nǹkan kan. Mo dìde láti lọ bá Màmá lórí bẹ́ǹṣì àwọn akọrin, kí n bẹ̀ ẹ́, àmọ́ bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, ọ̀gá wa lu agogo, wọ́n fa aṣọ ìkélé. Ó di dandan kí n sáré lọ síbi ìwé mi.

Òṣèré náà jáde. Aṣọ òfì tó ti gbó ló ró, kò kun nǹkan kan sójú, orí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó dé oko àkọ́kọ́, ó dúró, ó dá orin náà. Mi ò rò pé orin yẹn ti dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí katikíìsì ti ṣe é. Ó kọ ọ́ tán, ó tẹ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo gbọ́ tí ọmọ ọwọ́ kan ń mu ọmú. Ó tún un dá, ohùn rẹ̀ ròkè díẹ̀. Àwọn obìnrin ń wo òrùlé. Àwọn èrò ń wo àwọn obìnrin. Ọ̀gá wa lanu láti gbè é, ikọ́ gbé e. Mo yọjú láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé, mo wo iwájú, mo rí ìyá ẹlẹ́kọ tó ti gbé agbọ̀n rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, tó dì í mú bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ. Obìnrin náà tún un dá lẹ́ẹ̀kẹta. Kò wo àwọn akọrin mọ́, ibi tí mo wà ló ń wò.

Mi ò mọ ìgbà tí mo jáde. Wọ́n ní sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀, mo fi ìwé eré sí abẹ́ apá, mo sì rìn láti ẹ̀yìn ìkélé bọ́ sáàárín ìtàgé lójú gbogbo ayé, mo lanu, mo sì kọ ọ́:

“A ò rí i, ìyá, a ó bá ọ wá a!”

Kò dún dáadáa rárá. Oṣù méjì ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò fi ọjọ́ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀. Ohùn mi ya sí méjì láàárín rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi fèrèsé. Mo tún un kọ, èmi nìkan, ojú ń tì mí dé gìgísẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi, èéfín kankan ò sí nítòsí.

Mo rí i tí Màmá wò mí. Ó wò mí láti orí dé ibi ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Ó wá dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì gbè é pẹ̀lú ohùn gbàgìdì tó fi ń lé ewúrẹ́. Àwọn obìnrin tó kù dìde tẹ̀lé e. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo gbọ̀ngàn ti gbà á, àwọn tó wà lójú fèrèsé, àwọn tó wà lórí àpò kòkó níta, gbogbo wọn. Obìnrin náà gbẹ́sẹ̀, ó lọ sí oko kejì. Wọ́n gbè é. Ó lọ sí ìkẹta. Nígbà tí wọ́n wá rí ọmọ náà lóko ìkẹyìn, tó gbé e, ẹkún àti ìhó ayọ̀ dà pọ̀, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ìyá ẹlẹ́kọ ti gun orí àga rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ ló wà nínú agbọ̀n náà. Lẹ́yìn eré, ó pín in fún àwọn akọrin. Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Màmá. Màmá tú ewé rẹ̀, ó ṣe kíní kan bí àdúrà kúkúrú, ó sì gbé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ṣé ó ṣẹ́ kù. Wọ́n tún béèrè agolo bisikíìtì ìjọsí, ìjàlọ sì ti jẹ ẹ́ tán.

Kí òṣèré náà tó wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá a. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Àǹtí, irọ́ ni mo pa fún yín. Wọn kì í fi ohùn pamọ́.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ irọ́ ni mò ń ṣe, àbúrò mi. Ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n tí mo bá rí i ni?”

“Kí ló dé tí ẹ ò fi lọ?”

“Mo ti ránṣẹ́ pe ìyá mi.” Ó fà mí dìde, ó bọ́ awò dúdú rẹ̀, ó fi há mi létí. Mo ṣì ní in. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá wa tún fẹ́ ṣe eré náà. Òṣèré náà wà ní ìlú òyìnbó nígbà náà. Ọ̀gá wa wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́: “Tíṣà, orin rẹ ti padà dé o.” Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Lọ́jọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, lábẹ́ máńgòrò, mo dúró gbọnin, mo tẹ́wọ́, mo dá a: “Ẹ̀yin ará oko, ǹjẹ́ ẹ rí ọmọ mi?”

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ọ̀kan fọwọ́ bo ẹnu.

Màmá ní, “Tíṣà, a ti rí i nù un. Lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ìlú ló rí i, ìyá rẹ̀ ti gbé e lọ. Èwo la tún ń wá?”

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Ọ̀gá wa bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ti rí kì í tún sọnù, kó wá eré mìíràn. Bó ṣe tán nìyẹn. Títí mo fi kúrò ní Odigbo, mi ò ṣe Ìyá yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí àpótí nínú ilé èéfín, mo dijú. Màmá ń yí pupuru padà.

“Ó ń dùn ọ́,” ló wí.

“Ó ń dùn mí, Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ kí ìlú yìí dá mi lóhùn.”

Ó dáwọ́ dúró. Ó yíjú sí mi, eérú funfun lójú rẹ̀.

“Ta wá lo rò pé a dá lóhùn lọ́jọ́ yẹn? Ìyẹn kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣé a lanu? Ìwọ la rí tó ń dá nìkan bá a wá ọmọ nínú igbó, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Kí á wá máa wò ọ́? Gbé igi yẹn fún mi, jàre.”

Mo gbé igi náà fún un. Ìgbà tí mo dé yàrá mi ni mo tó rántí pé Ìkálẹ̀ ló fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì yí i sí Yorùbá ilé-ìwé.